Àǹtí Òǹkọ̀wé Tún Ti Bí, Ìbejì Ni

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fa àpótí yín wá. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, máa ṣà á lọ, etí la fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé Àǹtí Òǹkọ̀wé tún ti bí? Ẹ pa ẹnu dé, jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí bàbá àwọn ọmọ wọn ti lọ sọ́run. Ìwé ni mo ń wí o. Ìwé tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìbejì tòótọ́, tí wọ́n dì sínú páálí láti Ṣómólú, tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní Ìwó Róòdù, tí Bàbá Télọ̀ sì lọ fi máíkírà kó wálé. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bá dírẹ́bà jà lórí owó ẹrù. Dírẹ́bà ní ẹrù yìí wúwo, kí ló wà níbẹ̀? Bàbá Télọ̀ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ti ìyá ọkọ ni.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí Àǹtí ṣe ń kéde ìwé. Àwọn òǹkọ̀wé ńláńlá ní iléeṣẹ́ tó ń bá wọn polówó, ti Àǹtí, ẹsẹ̀ wọn ni. Àwọn ló ń kọ ọ́, àwọn ló ń sanwó ìtẹ̀wé, àwọn ló ń rù ú tà, bí òjò bá sì pa á, àwọn náà ló ń sá a. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé bá dé, wọ́n á wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn yẹn (ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí léèsì yẹn, ó ti lọ sí ìkójáde ìwé ju alága èyíkéyìí lọ), wọ́n á ti gíláàsì sójú, wọ́n á sì máa kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ẹ bá mi yọ̀, Olúwa tún ti ṣe é." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka ìkéde tí wọ́n ti kọ sílẹ̀: orúkọ ìwé, iye ojú ewé, iye owó, ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ọpẹ́ fún olóògbé, ọpẹ́ fún ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Fésìmí-áfésìyú sì nilé wa ní Mọ́kọ́lá, ẹ mọ̀ ọ́n, yàrá ń wo yàrá. Kí wọ́n tó dé yàrá ìkẹyìn, gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n sórí. Àǹtí gbàgbé iye owó ìwé kejì lánàá, Ìyá Alákàrà ló bá wọn sọ ọ́ láti ìdí iná, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Irú ìwé wo? Ìtàn tó ń gbé ọkàn ẹni ró ni. Ìyà á jẹ ẹnì kan ní orí kìn-ín-ní, ìyà náà á gorí ìyà ní orí kẹta débi pé màá gbé ìwé sílẹ̀ lọ mu omi. Ìyá ọkọ á dé. Owó á tán. Dókítà á mi orí. Nígbà tó bá wá ku ojú ewé bíi mẹ́wàá, ìrànlọ́wọ́ á gba ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò wò wọlé. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Síbẹ̀, tí mo bá débẹ̀, omi á máa dà lójú mi, màá máa dá alùbọ́sà lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ mi ò dáná.

Mi ò ní dárúkọ àwọn ìwé náà fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n sanwó fún mi. Àkọlé wọn pàápàá gùn, a ò ní sùn lónìí.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣáà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣé ẹ rántí fíìmù àwọn Mount Zion? Láti 1985 ni Mike Bamiloye àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ṣeré ìgbàgbọ́, àmọ́ Agbára Ńlá ni tèmi. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní fídíò ládùúgbò ló gba gbogbo wa lálejò nìyẹn, a ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ á rọ̀ mọ́ fèrèsé. Iṣawuru, ẹni tó ń bani lẹ́rù nínú fíìmù yẹn, ló kọ́ mi ní àdúrà alẹ́, kì í ṣe pásítọ̀. Tí mo bá fẹ́ tọ̀ lóru, àfi kí n jí àbúrò mi kó sìn mí dé ẹ̀yìnkùlé. Á máa kùn. Màá ní, "Ṣé o fẹ́ kí Iṣawuru gbé ẹ̀gbọ́n ẹ lọ ni?" Ó ní kó gbé wọn lọ, kí òun lè sùn. Àbúrò mi yẹn náà nìyẹn, ó wà ní Ìlọrin báyìí, ó ti di ẹni ńlá, àmọ́ mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀hẹn, ìbejì. Ẹ ò lè mọ iyì ìbejì yìí láìgbọ́ ti ẹ̀gbọ́n wọn, ìwé oníìgbín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe sùúrù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé.

Àǹtí ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi pé wọn kì í tẹ ìwé ní ewé kọ̀ọ̀kan. Bébà fífẹ̀ kan ni wọ́n ń tẹ̀, ojú ewé 8 níwájú, 8 lẹ́yìn. Wọ́n á ká a, wọ́n á tún un ká, wọ́n á ká a lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ìdì kan tó jẹ́ ojú ewé 16. Wọ́n á wá to àwọn ìdì yẹn léra, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù mú ẹ̀yìn wọn, wọ́n á gé etí wọn kó dọ́gba, ìwé dé. Ó dáa. Ẹni tó ń tò ó níbi tí Àǹtí ti tẹ̀wé nígbà náà (mi ò ní sọ ibẹ̀, wọ́n ti tọrọ àforíjì), bóyá oorun ló ń kùn ún, bóyá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń sọ, ó nawọ́ sí òkìtì tí kì í ṣe tiwa, ó mú ìdì ìwé ẹlòmíì, ó sì fi ṣe ìdì karùn-ún ìwé Àǹtí. Ìwé ta ni? Ìwé bí a ṣe ń sin ìgbín.

Ẹ bá mi fojú inú wò ó. Ojú ewé 64. Ọ̀gànjọ́ òru ni. Obìnrin inú ìtàn Àǹtí wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá ọkọ ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tòun ti ìgò kékeré kan lọ́wọ́. Obìnrin gbé ojú sókè, ó la ẹnu. Ẹ wo ojú ewé tó kàn. Ewé ìbẹ́pẹ ni kí ẹ máa fún un jẹ, ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ kàn án, ẹ máa wọ́n omi sí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ojú ewé 16 gbáko, ìgbín là ń kà! Ìgbà tá a fi padà dé ojú ewé 81, ìyá ọkọ ti di ọmọ Ọlọ́run, ó ń bá wọn to àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló yí i lọ́kàn padà? Kí ló wà nínú ìgò? Títí di òní, ẹni tó bá ka ẹ̀dà yẹn nìkan ò lè sọ.

Páálí kan péré ló rí bẹ́ẹ̀. Páálí yẹn gan-an ni Àǹtí kọ́kọ́ ṣí, òun ni wọ́n sì pín fún wa nínú ilé.

Èmi fi igbe ta. Ìyá Alákàrà ní òun rò pé ìran tí obìnrin yẹn ń rí ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Télọ̀ ò sọ nǹkan kan. Ẹ mọ Bàbá Télọ̀, ẹni tó lè rán ṣòkòtò kan láti ọdún iléyá dé ọdún Kérésì, tẹ́ ẹ bá bi í, ṣíìpù ló máa ń kù. Iṣẹ́ ti dẹ̀ fún un nígbà yẹn, òkìríkà ti gba àwọn oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka ìwé náà tán, ó pa á dé, ó wọ bàtà, ó jáde. Ìgbà tó máa padà dé, táyà ọkọ̀ ló ń yí bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ó tò wọ́n léra lẹ́yìn ilé, ó da iyẹ̀pẹ̀ sínú wọn, ó fi àwọ̀n bò ó lórí. Ó ń lọ ṣa èèpo ẹyin lọ́dọ̀ màláàmù tó ń ta búrẹ́dì àti tíì lójú títì, ó ń lọ̀ ọ́ kúnná kí ìkarahun ìgbín lè le. Ìyàwó ẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Bàbá wọn, àdúrà ni obìnrin yẹn ń gbà, kì í ṣe ìgbín ló ń sìn."

Ó ní, "Ìwọ lọ wo ojú ewé 65."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé nígbà náà, ẹ rántí alẹ́ òjò tí àwọ̀n ya? Ìgbín kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti wo ibi tí òrùlé ti ń jò (wọ́n máa ń lọ wò ó ni, wọn kì í tún un ṣe), wọ́n tẹ ọ̀kan, wọ́n yọ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá wọn. Ọ̀kan ti rá pálá dé orí abọ́ ẹ̀wà tí Ìyá Alákàrà rẹ sílẹ̀. Inú bí i, ó gbé ike iyọ̀. Ni Bàbá Télọ̀ bá yọ láti inú yàrá, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi òjò: "Ìyá wa, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ má wọ́n iyọ̀!" Ẹni tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí àna ẹ̀ dáadáa!

Nígbà tí Kérésì dé, àwọn ìyá oní-pẹpẹsúùpù ló wá kó ìgbín náà. Bàbá Télọ̀ fi owó ẹ̀ ra mọ́tò iná mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì di ọjọ́ Ìsinmi, ó bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ó gbé ìwé sókè. Ó ní ìwé yìí ló yí ayé òun padà, àgàgà láti ojú ewé 65 dé 80, kí gbogbo ìjọ lọ kà á. Ìjọ hó yèè. Àǹtí wà ní àga iwájú nínú léèsì aláwọ̀ ọsàn. Ṣé wọ́n á dìde pé kì í ṣe àwọn ló kọ ibẹ̀ ni? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ kejì tẹ ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń wá sílé wá ra ìwé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á bèèrè pé, "Ṣé eléyìí ní ìgbín nínú?" Páálí tó ní ìgbín tán pátápátá. Àwọn tó pé ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin ẹ rí i pé ó tó nǹkan tí Àǹtí fi gbé tìbejì lọ sí Ṣómólú fúnra wọn. Ṣómólú kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ fúnni tán nílé kan o. Ilé kan ń ṣe pléètì, ilé kejì ń tẹ̀ ẹ́, òmíràn ń ká a, òmíràn ń fi ọ̀rá bo èèpo ẹ̀yìn, ìwọ náà á máa sin iṣẹ́ rẹ kiri láti òpópónà dé òpópónà. Àǹtí ní àwọn jókòó ti ẹni tó ń to ìdì. Bó bá ti tò ó tán, wọ́n á ní kó mú un wá kí àwọn kà á. Ọmọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Wọ́n ní àwọn fọkàn tán an, ìgbín ni àwọn ò fọkàn tán.

Owó bébà wá ń kọ́? Ẹ má bi Àǹtí léèrè níwájú Bàbá Láńlọ́ọ̀dù, torí Bàbá ló máa dáhùn. Ẹ ṣáà ti mọ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á na ọ̀pá sókè pé orílẹ̀-èdè tó ní iléeṣẹ́ bébà ní Jẹ́bà, tó ní ti Òkú Ìbòkú, tó ní ti Ìwópin létí omi nínú ìpínlẹ̀ Ògùn, òun ló ń fi dọ́là ra bébà báyìí! Bí wọ́n bá ti dé Ìwópin, ẹ máa lọ dáná yín, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́, ẹ fọ abọ́, ẹ ṣì máa bá wọn ní Ìwópin. Ohun tí èmi mọ̀ ò ju pé bébà wọ́n lọ. Owó pléètì ò sì gbọ́ bóyá ìwé ọgọ́rùn-ún lo fẹ́ tàbí ẹgbẹ̀rún, iye kan náà ni. Ẹni tó bá tẹ díẹ̀ á fi owó gọbọi ra ìwé ara ẹ̀. Ẹni tó bá tẹ púpọ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Ìyá Alákàrà, èyí tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ti bá wọn wá ọ̀nà mìíràn rí. Ó gbé ìwé wọn sórí OkadaBooks, kí àwọn èèyàn lè máa kà á lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo rò pé ọlọ́kadà ni wọ́n fún ní ìwé pé kó máa gbé e kiri, mo tiẹ̀ ń da ọ̀kan láàmú níbí pé kó mú ìwé Àǹtí jáde. Àǹtí ń rí ọgọ́rùn-ún méjì, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà níbẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, inú wọn ń dùn. Ó di òpin oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn OkadaBooks palẹ̀ mọ́. Àǹtí ò sunkún. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ gbá páálí wọn.

Ọmọ yìí kan náà ló fẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́ lórí ìbejì. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀, ISBN ni wọ́n ń pè é. Ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀, National Library, ló ń fún wọn ní nọ́ńbà náà, 13 ni iye ẹ̀. Ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978: èyí àkọ́kọ́ ń sọ fún ayé pé ìwé ni, ìkejì ń sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ọmọ ń tẹ̀ ẹ́, ó rí 978 lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Àǹtí ti dàgbà, wọ́n ti kọ ọ́ ní àkọtúnkọ. Ó pa ọ̀kan rẹ́! Ọpẹ́lọpẹ́ pé Àǹtí ń ka nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń ka owó. Wọ́n rí i pé mẹ́wàá ló kù, wọ́n ké sí i, wọ́n ní, "Ta ló kó ọmọ mi mẹ́ta lọ?" Òfin sì tún ní kí wọ́n gbé ẹ̀dà mẹ́ta lọ fún ilé ìkàwé yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Wọ́n wọ léèsì lọ síbẹ̀, kí ìjọba lè mọ̀ pé èèyàn pàtàkì ló ń fún wọn ní nǹkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ìwé. Ti Táyé, ìtàn opó kan ni, mo ti kà á, mo ti sunkún, ó tán. Ti Kẹ́yìndé ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìtàn ilé fésìmí-áfésìyú kan ni. Télọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń sin ìgbín. Obìnrin kan wà níwájú ilé tó ń din dùndún. Láńlọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀ tó ní ọ̀pá. Àǹtí kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ gàdàgbà pé ìtàn àròsọ ni, pé kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni mu. Ta ló ń ka ojú ewé àkọ́kọ́?

Bàbá Télọ̀ kà á tán, ó ránṣọ tuntun fún ara ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì! Ṣíìpù àti gbogbo ẹ̀! Ó ń kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà pé òun wà nínú ìwé. Ìyá Alákàrà ní tirẹ̀ bínú wọ yàrá Àǹtí pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. "Ẹ sọ àkàrà mi di dùndún kí n má baà dá ara mi mọ̀, àbí? Láti kékeré mi, ṣé ẹ ti rí iṣu lọ́wọ́ mi rí?" Àǹtí ní kì í ṣe Ìyá Alákàrà ni. Ìyẹn ní, "Ta ló tún ń bú oníbàárà ẹ̀ kó tó fún un ní ènì?" Àǹtí ò rí nǹkan sọ.

Wọ́n pè wá jọ nírọ̀lẹ́, wọ́n fi ìtàn tù wá nínú. Wọ́n ní èyí kì í ṣe tuntun. Ní 1929, ní Èkó, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ I. B. Thomas, òun ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà ló ń kọ ọ́. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn náà láti ọwọ́ ìyá arúgbó kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀, tó ń ronú pìwà dà, tó ń kọ orin ìjọ, tó ń tọ́ka Bíbélì. (Ẹgbẹ̀rún! Ìyá Alákàrà da Àǹtí lóhùn níbẹ̀ pé ṣé obìnrin yẹn ń dáná fún gbogbo wọn ni.) Ọ̀sẹ̀ dé, lẹ́tà dé. Ará Èkó ò lè sùn. Ẹni tó ń kọ̀wé sí olóòtú ń kọ̀wé, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun fún ìyá aláìsàn ń fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí Sẹ̀gilọlá níbì kankan, Thomas ló jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀ tó ń dá gbogbo rẹ̀ rò! Ní 1930 ló kó lẹ́tà náà jọ di ìwé, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ń pè é ní ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá.

A dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó Bàbá Télọ̀ bèèrè pé, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn, ta ló ná an?

Ṣé ẹ rí gbogbo wa tá a ń jà pé àwa la wà nínú ìwé Àǹtí, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀ jálẹ̀. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ni. Ẹ mọ ohun tó fà á? Ní orí kẹsàn-án, láńlọ́ọ̀dù inú ìwé lá àlá. Ó jí lówùúrọ̀ pẹ̀lú ẹkún, ó pe gbogbo ayálégbé jọ, ó gé owó ilé sí ìdajì, ó sì tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Ẹ wò ó, orí kẹsàn-án yẹn ti di ìwé kíkà òwúrọ̀ nínú ilé wa. Bàbá Télọ̀ ń kà á sókè nígbà tó bá ń wa ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ ń kà á lábẹ́ fèrèsé bàbá, wọ́n ní iṣẹ́ iléèwé ni. Bàbá yọrí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní, "Ìtàn àròsọ ni! Ó wà lójú ewé àkọ́kọ́! Àbí ẹ ò mọ̀wé ni?" Èmi ni mo dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, ará Èkó náà ò gbà." Wọ́n padà wọlé. Kò tíì tó wákàtí kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi ọmọ Ìyá Alákàrà léèrè pé èló ni páànù kan báyìí. Ẹ má tíì pariwo ẹ̀ o.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìkójáde, ní gbọ̀ngàn iléèwé tó wà lẹ́yìn ọjà. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù náà ni alága. Àǹtí ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wò tẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ sí Ìwópin. Ẹ mọ bí ìkójáde ṣe ń rí: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà lára ìwé, àmọ́ tí ẹ bá ti jókòó sórí àga ńlá, tí wọ́n fi gbohùngbohùn pe orúkọ yín, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ò ní lè jáde. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti ń rí owó bébà san. Ẹni tí kò bá ní, kó wá jókòó sẹ́yìn, lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló wá kù. Òfófó kan wà nínú ìwé náà. Obìnrin ni, ó ń gbé yàrá kejì lápá òsì. Yàrá wo ni mò ń gbé? Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Mi ò bínú rárá. Inú mi dùn, mo ra ẹ̀dà méjì, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìlọrin. Obìnrin yẹn dùn-ún kà, ẹnu ẹ̀ dá ṣáká, ọ̀rọ̀ ń tẹnu ẹ̀ jáde lẹ́sẹẹsẹ. Ìgbà tí mo dé orí kọkànlá ni orí mi fò lọ. Obìnrin náà ronú pìwà dà, ó dákẹ́. Láti ibẹ̀ dé ìparí ìwé, kò sọ gbólóhùn kan! Wọ́n ní àlàáfíà wọ inú ilé.

Mo lọ bá Àǹtí lálẹ́ yẹn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí Ìyá Alákàrà ronú pìwà dà, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ pọ̀ jù tèmi lọ. Kí wá ni mo ṣe?" Wọ́n ní nínú irú ìtàn yìí, ó pọn dandan kí ẹnì kan yí padà. Mo ní kó yí padà nínú nǹkan mìíràn, ó lè fi ìlera yí padà, ó lè fi owó yí padà, kí ló fẹ́ fi ẹnu tó dáa ṣe? Ta ló máa sọ ìtàn ilé yẹn fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé? Ta ló máa sọ fún obìnrin inú ìwé oníìgbín pé ìyá ọkọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ojú ewé 12 ni ìwé yẹn ìbá ti parí!

Àǹtí ò dáhùn. Wọ́n ti gíláàsì sójú, wọ́n fa ìwé kékeré wọn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n sì ń kọ nǹkan. Mo wo ọwọ́ wọn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ni. Mo bá fà sẹ́yìn díẹ̀, mo dín eré kù, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti wọlé, mo sì fi ọ̀rọ̀ Ìyá Alákàrà àti ọkùnrin tó ń gbé ọ̀rá epo wá fún un lọ́jọ́ ọjà kún un, èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹ̀yin pàápàá, kí báírò wọn lè bá mi.